Ìwé Ọkọ̀ Kìíní Tí Wọ́n Fi Gé Ọkọ̀ Kejì

Lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, mo ṣiṣẹ́ ní ọgbà kan létí omi ní Deer Park lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń gé ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi sí irin àlòkù. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ọ̀gá ibẹ̀. Àwọn ló bá mi wáṣẹ́ náà. Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ inú ọkọ̀ wò, kí n sì fọwọ́ sí ìwé pé kò séwu níbẹ̀ kí àwọn agérin tó wọlé.

Fírígéètì méjì ni wọ́n wọ́ dé lọ́dún náà, ọkọ̀ ogun tí wọ́n kàn láti máa sin ọkọ̀ akẹ́rù la òkun kọjá nígbà ogun àgbáyé kejì. Àwòrán kan náà ni wọ́n fi kan àwọn méjèèjì. Mo yẹ àkọ́kọ́ wò: wọ́n ti tú gbogbo owú funfun tí wọ́n ń fi wé páìpù gbígbóná kúrò, èyí tí eruku rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tó kan èkejì, ẹ̀gbọ́n ti ṣe ẹ̀dà ìwé àkọ́kọ́, wọ́n sì ti yí orúkọ ọkọ̀ padà. Ìfọwọ́sí mi ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì wọ ọkọ̀ yìí o."

"Ìbejì ni wọ́n! Ta ló ń wọn Táyé tán tó tún ń wọn Kẹ́hìndé?"

Àwọn agérin rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń rí mi lára.

Lóòótọ́ ni wọ́n jọra lọ́jọ́ tí wọ́n kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ wọn wà lórí tábìlì mi: àkọ́kọ́ kò kúrò ní èbúté mọ́ lẹ́yìn ogun, èkejì, wọ́n yá a fún orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n sì tún yàrá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi owú mìíràn wé páìpù ibẹ̀. Mo mú tọ́ọ̀ṣì wọlé, mo fi ọ̀bẹ la aṣọ ara páìpù kan. Owú náà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Páìpù kan kì í ṣe gbogbo páìpù, mo la mẹ́rin sí i. Bákan náà ni.

Mo kọ ìwé tuntun pé kí wọ́n má tíì gé e. Ẹ̀gbọ́n kà á tán, wọ́n fi nu gíríìsì ọwọ́ wọn.

"Ọmọ tí mo bá wáṣẹ́ ló fẹ́ dáṣẹ́ mi dúró?"

Kí n tó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń gé e. Mo ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Àwọn agérin jáde wá jẹun, eruku funfun lára ìpéǹpéjú wọn. Ẹ̀gbọ́n ní ká dìde ká gbàdúrà.

"Olúwa, dáàbò bo àwọn ọmọ Rẹ lọ́wọ́ ewu ibi iṣẹ́."

Kí wọ́n tó ṣe àmín, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, irọ́ ni ìwé tí ẹ fi kó wọn wọlé. Eruku tó wà lójú wọn yẹn, májèlé ni."

Ẹnì kan ní, "Ọmọ yìí, àdúrà lo já lu?"

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n dá akoto iṣẹ́ padà. Ọ̀kan nínú àwọn agérin, ará Ìjẹ̀bú, gbé ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ fọjú nídìí ẹ̀rọ omi, kò sì padà sínú ọkọ̀. Àwọn tó kù ṣe àmín, wọ́n jẹun, wọ́n wọlé.