Ooru Orí Ìyá Bímbọ́lá

Ooru orí. Bí Adépéjú Adéyẹmí ṣe máa ń pè é nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ láàárín orí, á rìn bí èèrà dé ọrùn, á wá jókòó sí àyà. Kò ní rí oorun sùn. Oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ ni, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oǹdó, ohùn rẹ̀ a sì máa dé òpin ọgbà. Ohùn náà rọlẹ̀.

Taifọ́ọ̀dù ni, gbogbo ilé sọ. Ta ni kò mọ taifọ́ọ̀dù?

Akínkúnmi oníkẹ́mísì ló máa ń fa dríìpù fún un, lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Bímbọ́lá, iṣan yín ti ń sá fún mi o."

"Wọ́n mọ olè lójú ni."

Bí omi náà bá wọlé, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ooru. Wọ́n fi àgbo kún un. Wọ́n fi oògùn ìfúnpá kún un, bẹ́ẹ̀ ìfúnpá rẹ̀ kò ga.

Ìdí dríìpù ló wà nígbà tí Bímbọ́lá, ọmọ rẹ̀, bí àkọ́bí ní Àkúrẹ́. Òun ló yẹ kó lọ wẹ ọmọ náà. Kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ na án, kó fa apá, kó fa ẹsẹ̀, kó jù ú sókè. Kò lè lọ. Ìyá ọkọ Bímbọ́lá, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìkàrẹ́, ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ ọmọ ní Àánú. Inú fọ́tò ni Adépéjú ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Àánú pé ọmọ ọdún mẹ́ta, Bímbọ́lá tún lóyún. Ó pè é lórí fóònù.

"Màámi, ṣé ẹ máa wá wẹ eléyìí?"

"Bí taifọ́ọ̀dù bá gbà."

"Taifọ́ọ̀dù wo ló ń pẹ́ báyìí? Ẹ wá rí dókítà níbí."

Ọmọ́níyì, ọkọ Adépéjú, bá a lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọn kò rí nǹkan kan. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò ju Bímbọ́lá lọ, fa àga sún mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn?"

Adépéjú ronú títí. Ọkọ rẹ̀ ló dáhùn.

"Ó ti pẹ́, Dókítà. Kí àbúrò rẹ̀ tó kú." Ara wá fu ú. "Àbí ẹ fẹ́ sọ pé orí ìyàwó mi dàrú ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ọkàn wọn ló ń ṣàìsàn. Kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ló bá rán orí níṣẹ́."

Adépéjú sunkún níbẹ̀. Ẹkún àbúrò rẹ̀, tí kò tíì sun tán.

Oògùn alaalẹ́ ni wọ́n fún un, pẹ̀lú pé kó máa wá sọ̀rọ̀. Ọmọ́níyì gbé oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìgò omi ńlá kò ṣe é. Ṣé bíńtín yìí ló máa ṣe é?"

Síbẹ̀ òun ló ń bu omi tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lò ó. Kò yára ṣiṣẹ́. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun padà wá, díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn dòdò gba orí ògiri aládùúgbò wọlé, Adépéjú sì lọ tọrọ.

Bímbọ́lá bí ọkùnrin. Nígbà tí Adépéjú máa dé Àkúrẹ́ láti wẹ ọmọ, Ìyá Ìkàrẹ́ ti wà níbẹ̀.

"Ẹ rọra o," ó ní. "Omi ìwẹ̀ ọmọ kì í ṣe omi dríìpù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ mi wá."

Adépéjú na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó wẹ̀ ẹ́. Ó na án, ó jù ú sókè, ó hán an. Ọmọ ké, ó sì sùn lọ. Àánú, tó ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, dúró tì í.

"Màámá Oǹdó, ṣé ẹ̀yin náà lẹ wẹ̀ mí?"

"Rárá. Ìyá Ìkàrẹ́ ni."

"Kí ló dé?"

"Ara mi ò yá."

Àánú rò ó. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Gígùn bí ọ̀pá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá bàsíà. Adépéjú bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí.

"Ẹ jù mí sókè."

"Apá mi á já."

"Díẹ̀ péré."

Ìyá Ìkàrẹ́ ká ìró sókè, ó wá di abíyá Àánú kan mú. Adépéjú di ìkejì. Wọ́n gbé e sókè.