Orin Màmá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀ṣì

Màmá mi kì í jáde nílé wa ní Odode láìsọ ibi tó ń lọ. "Ọ̀nà Atosin ni mo gbà o. Kòkó ẹ̀yìn àpáta ni mo fẹ́ lọ já. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ ò rí mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá mi." Ìgbà yẹn ló tó máa gbé agbọ̀n. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, títí di ọjọ́ tó yọ̀ ṣubú lórí àpáta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ibi tó sọ gan-an la ti bá a. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Kó tó kú, mo fi fóònù gba orin ìyìn mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èdè Ìdànrè ló fi ń kọ wọ́n láràárọ̀, mi ò sì gbọ́ wọn lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Nígbà tí fóònù kún, mo kó wọn sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo fi ń ṣe akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ṣe ẹ̀dà wọn sílẹ̀. Ṣe ni mo kó wọn kúrò lórí fóònù pátápátá. Ibi tí mo ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni iná ti lọ. Nígbà tí iná dé, orúkọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú wọn ṣófo.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ayé Nóà lẹ ti ra eléyìí ni?"

Ó ṣàlàyé pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń to fáìlì ti pẹ́ jù. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kì í mọ ibi tó bá a dé. Àwọn tuntun ní ohun tí wọ́n ń pè ní jọ́nà, bí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́: wọ́n á kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Bí iná bá dé, wọ́n á kà á, wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n dúró. Ojú mi ló ṣe fi jọ́nà kún tiwa, kò pa ohunkóhun rẹ́. Màmá mi ni mò ń rò, bó ṣe máa ń sọ ibi tó ń lọ lẹ́nu ọ̀nà kó tó gbé agbọ̀n rẹ̀.

"Ohùn màmá mi wá ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ti ọjọ́ iwájú lèyí. Kò lè dá èyí tó ti lọ padà."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́, ó sunkún lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ màmá yìí! O ò wá lè sọ fún mi kó o tó fọwọ́ kàn án?"



Láàárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, mo máa ń kọ àwọn orin náà. Mo dúpẹ́ pé méjì ṣì pé lẹ́nu mi. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo mọ̀ nínú ẹ̀kẹta. Bí mo bá kọ ọ́ débẹ̀, mo máa ń dákẹ́.