Òpìpì Tí Ìyàwó Mi Gbé Wá sí Sókótó

Ooru oṣù kẹrin ní Sókótó kì í ṣe ohun tí a lè ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá a gbé rí. Tí aago méjì ọ̀sán bá lù, ògiri ilé wa ní Arkilla a gbóná débi pé kò sí ẹni tó lè fara tì í. Àwọn adìyẹ agíríìkì tí aládùúgbò wa ń sìn a la ẹnu sílẹ̀, wọn a máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn á ti kú. Tiwa kì í kú. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni wọ́n máa ń lọ, wọn a tú yẹ̀pẹ̀, wọn a na apá wọn tí kò ní ìyẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó bọ́ ẹ̀wù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a sì máa wò wá.

Òpìpì ni wọ́n, irú adìyẹ ìbílẹ̀ tí ìyẹ́ kì í hù sí apá rẹ̀, tí kò lè fò ju orí àpótí lọ. Ìyàwó mi ló gbé wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nígbà tí mo rí iṣẹ́ olùkọ́ sí Sókótó. Àgbébọ̀ méjì àti àkùkọ kan, nínú apẹ̀rẹ̀, lórí itan rẹ̀, ní gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn. Èmi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti kàwé, mo sì gbà pé ipò mi ti ju ti ọkọ obìnrin aládìyẹ lọ.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà wọ́n, ìyá rẹ̀ sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Òfin kan ló bá wọn wá. Tí àgbébọ̀ bá pa ọmọ àkọ́kọ́, kí olówó rẹ̀ tó jẹ tàbí kó tó tà nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ fún obìnrin mìíràn ní ọ̀kan, ẹni yẹn náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà àtilọ ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó mi ṣe ń pín adìyẹ ní Sókótó. Ó fún obìnrin ará Ìlọrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, ó sì fún Hájíà kan ní àdúgbò Gawon Nama, ẹni tí ìyàwó mi máa ń wọlé lọ ra òróró ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ni. Ẹni tó bá mọ olùkọ́ á mọ̀ pé kò lè rí ohun kan kó má tún un ṣe. Mo ra ìwé kan, mo so òwú aláwọ̀ mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, mo kọ ẹni tó bí ẹni. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo rí àwọn òròmọdìyẹ nílé oníbúrẹ́dì. Àkùkọ agíríìkì ti bá ìyá wọn pàdé, àwọn ọmọ náà kò jọ ìyá, wọn kò jọ bàbá. Inú bí mi bí ẹni pé wọ́n fi orúkọ mi ṣeré. Mo dé ilé, mo ní láti ọjọ́ náà lọ, adìyẹ kankan kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú àgbàlá wa, òmíràn kò sì gbọdọ̀ wọlé.

Ìyàwó mi ń fọ́n ọkà bàbà fún wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Adìyẹ kankan ò gbọdọ̀ jáde?"

Mo ní, "Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ jáde."

Ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Ó yẹ kí n ti fura, nítorí kì í tètè gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ìyá rẹ̀ kú, a lọ sin ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìyàwó mi dé ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí àgò adìyẹ, kò sí ẹyọ kan. Àwọn ará ilé ti pa wọ́n fún àlejò, àwọn tí ìyá fún ládùúgbò sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sin agíríìkì. Ó rọra da àgò náà dé padà. Mo ní, "Tiwa nìkan ló kù." Mo fi ìgbéraga díẹ̀ sọ ọ́, ojú sì ń tì mí títí di òní.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tiwa náà ti ń lọ. Àgbébọ̀ tó ń pa mẹ́wàá nínú ẹyin méjìlá tẹ́lẹ̀ pa márùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e pa méjì, ìka ẹsẹ̀ wọn sì wọ́. Mo yí oúnjẹ padà, mo yí ìtẹ́ padà, mo bú ooru. Lọ́sẹ̀ kan, mo dúró níwájú pátákó, mò ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran ọ̀sìn tí ẹ̀gbọ́n bá ń gun àbúrò láti ìran dé ìran, ni ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ mi. Adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ohun tí mò ń gba owó oṣù lé lórí kò tíì dé àgbàlá mi.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún un pé mo ti pa ogún ìyá rẹ̀ run. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ẹ wọ bàtà yín."

Ọ̀kadà méjì gbé wa dé ilé Hájíà ní Gawon Nama. Ọkùnrin àlejò kì í kọjá yàrá àbáwọlé níbẹ̀, nítorí náà èmi àti ọkọ Hájíà, bàbá àgbà kan, jókòó sórí ẹní, à ń kí ara wa. Ìyàwó mi wọ inú lọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Nígbà tó jáde, àkùkọ kan wà ní abíyá rẹ̀, apá rẹ̀ lásán bí apá ọmọ tuntun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti àwọn tiwa lọ, ẹ̀jẹ̀ Sókótó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi mọ̀ ọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú títì.

Mo ní, "Ṣebí mo sọ pé adìyẹ ò gbọdọ̀ jáde?"

Ó ní, "Adìyẹ lẹ sọ. Ẹyin ni mo ń gbé jáde, inú ìrẹsì ni mo máa ń fi wọ́n sí. Adìyẹ Hájíà ló ń bá wa sàba lé wọn."

Bàbá àgbà béèrè ohun tó sọ. Nígbà tí ìyàwó mi túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, bàbá náà kígbe "Kai!", ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀. Hájíà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ìyàwó mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Ó ní kí n sọ fún màálámù pé àkùkọ òun kì í sùn nílé tí wọ́n bá ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ adìyẹ."

Mo ní, "Sọ fún Hájíà pé mo ti ṣí i."

Nígbà tó sọ ọ́ fún un, Hájíà ní, "To, madalla," ìyẹn ni pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹyin mẹ́tàlá àkọ́kọ́ tí àkùkọ náà bá wa ṣe, mọ́kànlá pa. Ìyàwó mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn gbé ìwé mi wá, ó ní kí n kọ orúkọ bàbá wọn. Mo kọ "Ti Gawon Nama". Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti pín mẹ́rin nínú wọn. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo gbádùn jù láyé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà náà n kò pè wọ́n ní nǹkan kan.

Ìyàwó mi kú ní àsìkò ọyẹ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ọdún náà, n kò rántí fún àwọn adìyẹ ní oògùn, àrùn lúkúlúkú sì wọ àdúgbò wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àgò dá páropáro. Mo gbá ibẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní àwọn ọmọ wa pàápàá. Mo gbà pé ọwọ́ mi ni ìran náà kú sí.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ránṣọ lójú pópó wa gbé páálí kan wá bá mi. Ó ti dá ihò sí i lára.

"Bàbá, ilé yín ti dákẹ́ jù. Ẹ gbà, ẹ máa sìn ín." Ó ṣí páálí náà, òpìpì kékeré kan na ọrùn jáde. "Ẹ má bẹ̀rù, kì í fò. Ológbò ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó ní òfin o. Tó bá kọ́kọ́ pa ọmọ, ẹ gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn ní ọ̀kan."

Mo bi í pé ta ló ṣe òfin náà.

Ó ní, "Èmi ò mọ̀ o, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fún mi ṣe sọ ọ́. Ó jọ pé àwọn Hausa ló ni ín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ́ kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, mo sì béèrè ìbéèrè méjì sí i, kí inú rẹ̀ lè dùn.

Kò sí ìwé lọ́wọ́ mi mọ́ báyìí. N kò mọ iye ilé tí wọ́n wà, n kò mọ ẹni tó bí ẹni. Láàárọ̀, àkùkọ kan máa ń kọ láti ìsàlẹ̀ òpópónà, n kò sì lè sọ bóyá tiwa ni tàbí ti ẹlòmíràn. Mo máa ń dúró gbọ́ ọ tán kí n tó dìde. Àìmọ̀ náà tó mi.