Bísímílà Lára Mọ́tò Baba

Iye tí mo ra agolo ọ̀dà kan lánàá ì bá ra màlúù méjì nígbà èwe mi. Òórùn rẹ̀ ló gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan nílé wa ní Ìlọrin.

Ẹnì kan ti fi ìṣó ha ìlẹ̀kùn ògbólógbòó mọ́tò kékeré Baba mi. Ó fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́ pé: "Bísímílà. Mọ́tò kèfèrí." Baba ń lọ, ó ń bọ̀, kò lè jókòó. Ó fẹ́ kí akunlé tó pè kùn ún kí Ìyá Àgbà, ìyá rẹ̀, tó jí lójú oorun ọ̀sán.

Akunlé na búrọ́ọ̀ṣì, ó tún fà á sẹ́yìn. "Baba Sàfú, mi ò lè fi ọ̀dà pa orúkọ Ọlọ́run rẹ́."

"Kun èébú nìkan, jọ̀ọ́. Yára."

Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí Ìyá Àgbà fi jáde. Ó fi ìka tẹ̀ lé Bísímílà náà. "Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Ìyá," Baba dáhùn.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ti wá dà bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Baba tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àgbàlá.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́ lóòótọ́, àti pé ìyá wọn mọ̀.

Ìyá Àgbà ti lọ, Baba ti lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti lọ. Èmi àti Sàfú ẹ̀gbọ́n mi nìkan la kù, Sàfú ò sì rántí mọ́tò kankan mọ́.