Ìkíni Bàbá Mi Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọsibítù

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá oore ni mo ṣe bàbá mi lọ́jọ́ náà tàbí ìkà.

Àyẹ̀wò ọkàn ló gbé wa dé ọsibítù kan ní Ṣakí. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ oko iṣu rẹ̀ ní Àgọ́-Àmọ̀dú ló fi ń ṣayé. Dókítà ní òun fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe lágbára tó kí òun tó sọ bóyá ó lè kọ ebè lọ́dún yìí. Mo rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ni wọn yóò gbé jáde. Àṣé ìrìn lásán ni. Nọ́ọ̀sì gbé àga kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ìkejì sí ìparí, ó ní kí Bàbá máa rìn lọ rìn bọ̀ láàárín wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tó bá rẹ̀ ẹ́, kó dúró, àmọ́ aago ò ní dúró dè é. Ó rú mi lójú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lójoojúmọ́, ṣé ìrìn ni wọ́n fẹ́ dán an wò?

Àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá ò tíì rìn jìnnà tó fi dúró kí ìyá kan ẹ kú ìjókòó. Ó tún rìn díẹ̀, ó dúró ti bàbá ará Ìgbòho kan, ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè iṣu àti àgbàdo. Nọ́ọ̀sì ń wo aago, èmi ń ṣẹ́jú sí Bàbá, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́fà pé, ibi tó rìn dé kò tó nǹkan. Dókítà mirí, ó ní ó jọ pé Bàbá máa gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní ọmọlúàbí kì í kọjá lára èèyàn bí ewúrẹ́, ìkíni ló jẹ ìṣẹ́jú yẹn, kì í ṣe ọkàn. Mo rojọ́ títí dókítà fi gbà pé ká padà wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí èrò tó dé.

Lówùúrọ̀ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá páropáro. Bàbá lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣófo lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀. Ó di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò lè rìn mọ́. Ìrìn ọjọ́ yẹn kò tó ti àná pàápàá.

Mo sáré lọ dì í mú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Kí ló dé tí o mú mi wá síbi tí kò ti sí ẹni tí mo lè kí?”

Ọ̀nà oko rẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró kí gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà náà, tí àwọn ará àdúgbò ń yìn ín pé ó mọ èèyàn, tí èmi náà sì ń fi í yangàn. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń sinmi.

Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kó má kọ ebè mọ́. Ní báyìí, tí a bá jọ jáde, tó bá dúró kí èèyàn, èmi náà á dúró. Màá béèrè ilé, màá béèrè ọmọ, títí èémí rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀.