Ọba Jákọ́bù ti Castle Green

Àṣìṣe kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀. Morákinyọ̀ dúró níwájú ẹgbẹ́ eléré ìjọ aláṣọ funfun wa ní Castle Green, ní London, ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rù Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ tí wọ́n fi sọ odidi sáà kan nínú ìtàn tíátà wọn ní orúkọ Jákọ́bù, bàbá ọmọ méjìlá.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jákọ́bù tí wọ́n ń wí ni James, ọba Scotland, tó gorí ìtẹ́ ní London ní 1603 nígbà tí Èlísábẹ́tì kìn-ín-ní kú. Orúkọ kan náà ni àwa Yorùbá fún àwọn méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ọ̀gbẹ́ni náà ti yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ènìyàn níṣẹ́ yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn.

Morákinyọ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe nígbà náà, lẹ́nu ọ̀nà ilé kan létí odò Thames, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé tíátà àtijọ́ fún àwọn àlejò. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, á gbọ́ ìdajì gbólóhùn; bí ilẹ̀kùn bá padé, òun fúnra rẹ̀ á parí ìyókù. Ìmọ̀ yẹn ló fi di olórí ẹgbẹ́ eléré wa. Ó gbọ́ pé lójú ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré ní sáà Jákọ́bù, tí àwọn mẹ̀kúnnù ń dúró wòran. Ló bá kó gbogbo àga kúrò nínú gbọ̀ngàn, títí kan ti àwọn ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn.

Ó tún gbọ́ pé obìnrin kì í ṣeré. Òótọ́ ni. Ìdajì kejì, tí ilẹ̀kùn padé mọ́, ni pé ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò tíì yí padà ni wọ́n ń kọ́ láti ṣe obìnrin, àti pé nígbà tó fi máa di ìparí 1660, obìnrin ti gorí ìtàgé ní London, ọ̀run kò sì ya.

Nígbà tí Ìkórè ń bọ̀, ó kọ eré kan: ọba kan lé ìyàwó rẹ̀ kúrò láàfin, ìyàwó náà fi ìbòjú bojú padà wá, ọba kò sì dá a mọ̀ títí ó fi ká ìbòjú náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ọba, ta ni ì bá tún jẹ́? Ó fi Dámiláre, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ṣe ọbabìnrin.

Ìbíwùmí dìde. Obìnrin yìí ti bá ẹgbẹ́ alárìnjó ṣeré láti Òṣogbo dé Ìlọrin kó tó gba físà àwọn olùtọ́jú arúgbó wá síbí. Láti ìgbà tó ti dé, ó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ní Dagenham East, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ eré kan lójú ènìyàn.

“Brọ́dà Morá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọbabìnrin yẹn. Mo ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí.”

“Sístà, obìnrin kì í gorí ìtàgé ní sáà Jákọ́bù. It is history.”

“Ṣé sáà Jákọ́bù la wà ni? Wọn ò kọ ọ́ sórí físà mi o.”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Morákinyọ̀ le. “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣé obìnrin ń gun pẹpẹ nínú ìjọ yìí?”

Ìyá Ìjọ, Màmá Victoria, dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. “Morákinyọ̀, pákó àti páálí lo kàn pọ̀ yìí, o ń pè é ní pẹpẹ. Kí Ọlọ́run forí jì ẹ́.”

Kò gbà. Ó ní lọ́jọ́ tí Ìbíwùmí bá gorí ìtàgé yẹn, òun fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ó sì pàṣẹ fún Dámiláre kó lọ fá irùngbọ̀n.

Dámiláre bá Ìbíwùmí pàdé ní ibùdókọ̀. “Irùngbọ̀n yìí ni ìyàwó mi rí kó tó fẹ́ mi,” ló wí. “Mi ò fá a torí ọba kankan. Gba ìbòjú, jàre.”

Ọjọ́ Ìkórè pé. Morákinyọ̀ fi bébà funfun ṣe kọ́là ńlá yí ọrùn ká, orí rẹ̀ wá dà bí ẹyin tí wọ́n gbé sínú abọ́. Ọbabìnrin wọlé, ó kúnlẹ̀. Ọba ká ìbòjú, ó rí Ìbíwùmí.

“Ta ló gbé obìnrin wá síbí?” ló pariwo.

Kò sí nínú eré, ṣùgbọ́n ìjọ rò pé ó wà níbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó ṣeré dáadáa nìyẹn.

Ìbíwùmí kò mira. “Kábíyèsí, obìnrin wà nínú ọbabìnrin. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ̀yin nìkan ló kù. Ta ló sì fẹ́ wo ẹ̀yin nìkan?”

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n lé kúrò nílé tó fẹ́ wọlé padà. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé orí títì A13 ń kọjá níta, a kò gbọ́ wọn mọ́. Màmá Victoria fi etí sùtánà nu ojú.

Ọba ló kàn láti tọrọ àforíjì. Morákinyọ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú kọ́là bébà rẹ̀, Ìbíwùmí sì bẹ ara rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ọba, ó tún forí ji ara rẹ̀.

Morákinyọ̀ kò padà sínú ẹgbẹ́, bó ṣe wí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ tí kò nílò àtúnṣe nìyẹn. Ìbíwùmí ni olórí wa báyìí, àwọn àga sì ti padà sáyè wọn. Dámiláre ló rí Morákinyọ̀ kẹ́yìn, nígbà tó wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ tí kò kí i. Rush Green ló ń gbé, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olúkáyọ̀dé, ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan ní Romford.