Nígbà Tí Orin Bàbá Dàrú Nínú Kọ̀ǹpútà

Iná lọ, iná dé, ó tún lọ, ó tún dé, kí èèyàn tó bu omi mu tán. Nígbà tó dé kẹ́yìn, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù mi tàn yòò bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ́, kọ̀ǹpútà han lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń wá ẹni tó máa bá wọn tẹ̀wé, ìyẹn ni mo ṣe fi iṣẹ́ tíṣà Yorùbá sílẹ̀ tí mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ náà, mo kábàámọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí mo jù nù.

Bàbá kan jókòó tì mí nígbà tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Katikíìsì ìjọ Àgùdà ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń kó àwọn orin ìjọ táwọn àgbà ń kọ ní èdè Èkìtì jọ, ó sì fẹ́ kí a tẹ̀ wọ́n jáde kí àwọn tó mọ̀ wọ́n tó kú tán. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ wọ́n sínú ìwé, ọmọ náà sì ti sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá ilé-ìwé. Nítorí náà, bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n tán, èmi ni mo ń kà wọ́n sókè, bàbá á máa gbọ́, á sì máa fẹnu tún wọn ṣe, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ka "ilé," á ní, "Ulé!" Bí mo bá ka "ikú," á ní, "Ukú! Ta ló ń kú ikú ní Èkìtì?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fà á bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó kù díẹ̀ ká parí.

Mo tún tan kọ̀ǹpútà náà. Ó ṣí. Wọ́n pín díìsìkì inú rẹ̀ sí méjì: inú C ni ohun tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ wà, inú D ni mo ń kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí. C yá gágá. D ló kọ̀ jálẹ̀.

"Kí ló wí?" ni bàbá bi mí.

"Ó ní òun ò lè ka ibi tí orin wa wà, Bàbá."

"Ṣé kì í ṣe òun la kó o fún pé kó bá wa tọ́jú ẹ̀ ni?"

"Òun náà ni, sà."

"Ó wá ń sọ fún wa pé òun ò mọ̀wé kà?"

Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, mo sì ránṣẹ́ pe enjiníà tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. Ó so táì mọ́rùn dé. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀."

Ìyẹn ni pé kó nu D mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

"Iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó máa lọ, mà. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ yín á yá."

"Enjiníà, ẹni tí orí ń fọ́, ṣé bíbẹ́ lẹ máa ń bẹ́ ẹ lórí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó ki dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń da iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ sí, bọ ẹ̀rọ, ó ní àtúnṣe ló wà nínú ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun tí ẹ̀rọ fi ń rántí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni iná bà jẹ́, pé àtúnṣe náà á wá wọn rí. Ẹ̀rọ ń họ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, D ṣí. Mo pariwo, "Ọpẹ́ o!" Mo yára pariwo jù. Kò sí orúkọ fáìlì kankan mọ́, nọ́ńbà lásán ló kún ibẹ̀. Ó kó àjákù ọ̀tún mọ́ àjákù òsì. Nígbà tí bàbá padà wá, mo ka ọ̀kan fún un: orin Màríà ni, ẹsẹ méjì rẹ̀ pé pérépéré, àfi bó ṣe di ẹsẹ kẹta tí mo bá ara mi nínú ètò ìgbéyàwó tí mo tẹ̀ fún ẹlòmíì.

"Kí ni Màríà ń ṣe?" ni bàbá bi mí.

"Ó ń gé àkàrà òyìnbó, sà."

Ó ṣí fìlà, ó dé e padà.

Ó wá ku ẹ̀dà tí mo ní nílé. Mo máa ń da iṣẹ́ kọ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, mo sì ń kó wọn sínú páálí bàtà lábẹ́ ibùsùn. Mo gbé páálí dé, mo ní kí enjiníà fọ́ọ̀mátì D bó ṣe wù ú, ó sì ṣe é tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè dísíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ. Ó gbà, ó gbà, ó wá dé orí ọ̀kan, ó ní òun ò gbà. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo fi aṣọ nù ún. Enjiníà ní, "Èyí ti kú, mà." Ìyá aláṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, gbé omi àdúrà dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé èmi ni kó wọ́n ọn sí, kó ṣáà má wọ́n ọn sí kọ̀ǹpútà.

Mo ju dísíkẹ́ẹ̀tì náà sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Fájuyì, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó fi í bọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀rọ náà kà á wẹ́rẹ́, láìjanpata. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣe ni inú túbọ̀ bí mi. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ mi ni kò dára! A dà á kọ sórí ọ̀kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀, mo padà, ohun gbogbo sì wọlé. Orúkọ fáìlì pé, orin pé.

Bàbá dé, mo ní kó fara balẹ̀ gbọ́. Mo ka ẹsẹ kìíní.

"Ilé kẹ̀?" Bàbá ti nà ró. "Ta ló gbé ilé padà síbẹ̀?"

Ìgbà náà ni mo tó rántí. Ẹ̀dà tó wà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì ti wà ṣáájú kí a tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Dísíkẹ́ẹ̀tì ti wọ́n ní Adó lásìkò náà, àwọn tí mo rán èèyàn rà ní Ìbàdàn ò sì tíì dé, mi ò rí òmíràn da àtúnṣe wa kọ sí. Gbogbo ohun tí bàbá ti fẹnu tún ṣe ti lọ.

"Kò burú, Bàbá," mo ní. "Màá ní kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ wá gbogbo ilé, kó sọ ọ́ di ulé."

Mo pa á láṣẹ, ó ṣe é lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ìgbéraga, títí mo fi dé ibi tí Jésù ti ń rìn létí òkun.

"Òkun ibo?"

"Galulea, sà."

"Ibo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Galilea ni. Ẹ̀rọ, tí kò mọ àmì ohùn, ti rí "ile" láàárín rẹ̀. Mo gbé orí lé tábìlì. Mo gbọ́ tí bàbá ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín, títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè bá a rẹ́rìn-ín.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ò fẹ́ kí n kà á mọ́, ó ní ká máa kọ ọ́ lórin. Bó ṣe ń kọrin ni ìyá aláṣọ ń wọlé wá: "Bàbá, ní ìlú tiwa, a kì í pè é báyìí o." Bàbá á ní ìlú wọn ló ṣì í pè. Wọn á fà á títí, àwọn oníbàárà mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi á fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ti fi ìbínú pa rẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ó tún ní kí n dá a padà, nítorí bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi kí n yọ wáyà kọ̀ǹpútà, kí n lọ sílé.

A parí ṣá. Wọ́n tẹ ìwé náà, ó fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Mo mú un lọ bá bàbá nílé. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fọwọ́ pa á lára, ó ní kí n kà á. Mo kà á láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, kò dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan.

"Ó dáa," ló wí.

Bí mo ṣe ń dìde, ó ní ìyá arúgbó kan wà ní Ìlawẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, pé àwọn orin tó mọ̀ pọ̀ ju èyí lọ. Ó bi mí ọjọ́ wo ni ọwọ́ mi máa dilẹ̀. Mo sọ fún un pé ọjọ́ Sátidé.